Ẹ̀mú Tí Eléyín Irin Yàn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sáà ní kó rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì lókè ti jẹ létí bí ẹnu ayùn tó ti pẹ́, àlàfo àárín wọn sì fẹ̀ débi pé wáyà tín-ín-rín lè gbabẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ló máa ń ki wáyà bọ̀ tó bá fẹ́ bó rọ́bà tó wà lára rẹ̀. Á pa eyín dé mọ́ ọn, á yí orí díẹ̀, á fà á, á tu èèpo rọ́bà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kọ́pà pupa inú rẹ̀ á sì yọjú. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti mú òmíràn. Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ iná ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Eléyín Irin, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí orúkọ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Wáyà tó bá nípọn ni kì í fi eyín bó. Fún ìyẹn, ó ní ọ̀bẹ kékeré kan tí èèkù rẹ̀ ti dán nítorí ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un lọ́jọ́ tó gbòmìnira. Ọ̀gá yìí ò ní ẹ̀mú kankan tó fi ń bó wáyà, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó bá ní láti ra irinṣẹ́ kó tó lè bó wáyà, kó tètè lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ọ̀gá náà ti kú, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ ò kúrò lápò ṣòkòtò Eléyín Irin. Tó bá ń fi í yí ara wáyà ká, ojú rẹ̀ á rọ̀, gbogbo wa la sì mọ ẹni tó ń rántí.

Èmi ni àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ohun èlò iná ni mò ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì: wáyà, gílóòbù, súìṣì, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti oríṣiríṣi ẹ̀mú. Bọ̀dá ni mò ń pè é, ìyàwó kékeré lòun náà sì ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, ọmọ sì ti ń ga jù mí lọ. Nígbà tí Ọlọ́run ń pín sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi ló dúró níwájú. Ó jọ pé ibi tí wọ́n ti ń pín ẹnu lèmi wà nígbà yẹn. Ohun tó bá wà nínú mi, mo máa ń sọ ọ́ jáde. Ẹ máa rí i pé ohun tó kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí Bọ̀dá kì í yà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kò ní tíì kí mi tán tí á fi fa wáyà kan yọ nínú èyí tí mo so kọ́, á gé e kúkúrú, á bó o, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ́pà rẹ̀ síwá sẹ́yìn láàárín gbùngbùn. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kọ́pà tó dára á tẹ̀, á tẹ̀, kò ní kán. Ayédèrú kì í pẹ́ tó fi ń dá sí méjì lọ́wọ́ ẹni. Á máa tẹ̀ ẹ́, á máa wojú mi, ó ń retí kó kán kó lè rí ohun fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wáyà mi kì í kán. Kàkà kó gbà fún mi, á ní ó ní láti jẹ́ pé ìka òun ti ń rọ.

Tó bá wá kan ẹ̀mú, yẹ̀yẹ́ náà á pọ̀ sí i. Mo to àwọn ẹ̀mú ìbówáyà sára ògiri, àwọn tí wọ́n gbẹ́ ojú kéékèèké sí lẹ́nu, ojú kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n wáyà tirẹ̀, kí èèpo lè bọ́ láìjẹ́ pé ohunkóhun kan kọ́pà inú. Ó máa ń bi mí bóyá àwọn tó ń rà á ò ní eyín ni. Mo ní wọ́n ní, ẹran ni wọ́n fẹ́ fi jẹ. Àwọn oníbàárà mi á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ẹ̀mú ò mọ nǹkan kan. Eyín òun ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́pà, tó bá ti kù díẹ̀ kó kàn án, eyín á sọ fún òun. Ọmọ tí ò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sóko tó tó ti bàbá òun. Mo pa òwe yìí fún un lọ́jọ́ kan. Ó ní oko bàbá òun ló tóbi jù lóòótọ́, kí n lọ wò ó.

Ọmọ kan ṣoṣo lòun àti ẹ̀gbọ́n mi bí. Nígbà tó wà ní kékeré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú, la bá ń pè é ní Abẹ́rẹ́. A ò mọ̀ pé à ń sọ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ló kọ́ nígbà tó dàgbà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun tí mo lè fẹnu sọ lọ. Ẹ̀rù òkùnkùn máa ń ba ọmọ náà nígbà yẹn. Kò jẹ́ kí wọ́n pa iná yàrá, kò sì lè pa á fúnra rẹ̀ kó tó sùn, torí pé ẹnu ọ̀nà ni súìṣì wà, ó sì ní láti gba inú òkùnkùn padà sórí ibùsùn. Bàbá rẹ̀ bá wá gílóòbù kékeré kan, ó kàn án mọ́ pákó orí ibùsùn, ó fi súìṣì síbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o láti orí ìrọ̀rí. Ìka kan ló fi ń tan iná, ìka kan náà ló fi ń pa á. Abẹ́rẹ́ sùn sábẹ́ iná yẹn títí tó fi lọ sílé ọkọ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Abẹ́rẹ́ gba yàrá kan tó fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹni tó máa fa iná síbẹ̀. Tani ì bá tún jẹ́? Bọ̀dá ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ ọ pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ẹ̀rọ ńlá máa wà, pé áyọ́ọ̀nù ní láti ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, pé òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun ránṣọ nínú òjìji. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò pé ọmọ náà ti bá oníṣẹ́ iná mìíràn sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí à ń pè ní Oníbáàgì nítorí báàgì irinṣẹ́ tó máa ń gbé kọ́ èjìká bí ẹni tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Abẹ́rẹ́ ò sì sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ̀.

Èmi mọ ìdí rẹ̀, torí pé Abẹ́rẹ́ ti wá sọ ọ́ fún mi. Ó lọ lọ aṣọ nílé ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ lọ kí wọn, tí Bọ̀dá sì wà níbi iṣẹ́. Kò tíì lọ ẹ̀wù kan tán tí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí rọ́bà tó ń jó. Ọkọ rẹ̀ pa iná ilé látòkè níbi mítà, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, wáyà kan sì dá sí i lọ́wọ́ níbi ọrùn, ìyẹn ibi tí èèpo ti parí tí kọ́pà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ti dúdú, àpá ọ̀bẹ sì yí i ká bí ìlà tí wọ́n fà. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti jẹ nínú kọ́pà, ibẹ̀ ni iná ti máa ń gbóná. Wọ́n gé ibẹ̀ dànù, wọ́n tún un dè, wọ́n sì dákẹ́.

Abẹ́rẹ́ ní, "Àǹtí, aṣọ olówó aṣọ ló máa kún inú ṣọ́ọ̀bù mi látòkè délẹ̀. Iná tó bá sọ níbẹ̀, kò ní mọ tèmi yàtọ̀." Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gbìyànjú rẹ̀, pé tóun bá ti rí ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ bàbá òun, ọ̀rọ̀ á gbẹ lẹ́nu òun. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ ọ́. Mo ní mi ò ní fẹnu ara mi dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí, mi ò ní purọ́. Ó mọ̀ mí, ó mí kanlẹ̀, ó sì lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bọ̀dá wọlé sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ̀rọ̀ Oníbáàgì fún un. Kò fa wáyà yọ, kò wo ẹ̀mú. Ó jókòó sórí róòlù wáyà ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó kékeré, kí ni mo fi ṣẹ ọmọ mi?"

Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni ń to gílóòbù. Mo tò ó, mo tún un tò. Nígbà tí kò sí ohun tí mo tún lè tò mọ́, mo ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́, Bọ̀dá. Bí ẹ ṣe ń bó wáyà ló ń bà á lẹ́rù."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé mi ò bá a rín in, tirẹ̀ náà kú sí i lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé tóun ti fa iná sí, láti ìkòríta títí dé ilé ìwòsàn. Ó ní kí n sọ èyí tó jó rí nínú wọn. Mo ní mi ò mọ èyí tó jó, pé èyí tó fẹ́ jó ni mo mọ̀, ilé tòun fúnra rẹ̀ ni. Mo sọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ò ṣeé gbé mì mọ́.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó dúró níwájú ògiri tí ẹ̀mú wà, ó ní kí n kó wọn wá.

Mo kó gbogbo ẹ̀mú ìbówáyà tí mo ní sórí káńtà. Ó kọ́kọ́ mú èyí tó ń dán yanranyanran, tí ọwọ́ rẹ̀ pupa, èyí tí àwọn tó ń kánjú máa ń rà. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó wá gbé e sétí, ó mì í. Ó ń dún. Ìṣó tó so abala rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ò fún. Ó ní irú èyí lè bó wáyà dáadáa lónìí, tó bá dọ̀la, ẹnu rẹ̀ á wọ́, ẹnu tó bá sì ti wọ́, kí ló wá fi sàn ju eyín lọ? Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì.

Èkejì tóbi. Tí wọ́n bá ti fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á di wáyà mú, á sì fa èèpo rẹ̀ yọ fúnra rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti fi han àwọn oníbàárà, torí ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Bọ̀dá fi wáyà tó nípọn sí i, ó bó o dáadáa. Ó fi èyí tó tín-ín-rín sí i, ó bó òun náà, ṣùgbọ́n ó ja díẹ̀ nínú irun kọ́pà, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú wáyà náà, mọ́ èèpo, àpá ẹnu rẹ̀ sì hàn lára rọ́bà tó kù. Bọ̀dá wá mú àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ṣófo, irú èyí tí wọ́n ń rì mọ́ inú ògiri, ó gbìyànjú láti ki orí ẹ̀mú náà bọ̀ ọ́. Kò wọlé. Ó ní ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì ṣiṣẹ́ ni irú rẹ̀ yẹ, pé inú ògiri ni iṣẹ́ tòun wà.

Ẹ̀kẹta dúdú, kò dán, kò sì lẹ́wà. Ó ti pẹ́ lára ògiri mi débi pé eruku ti bò ó. Bọ̀dá fi èékánná họ nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀, wọn ò ṣí, torí pé inú irin ni wọ́n gbẹ́ wọn sí, wọn ò fi ọ̀dà kọ wọ́n. Ó pa á dé, ó gbé e sójú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ẹnu rẹ̀ kọjá níbi tí kò yẹ. Kò gbà á. Ó fún un, ó tú u sílẹ̀, ó tún un ṣe léraléra. Sípíríǹgì rẹ̀ ń dá a padà láìlọ́ra. Ó gbìyànjú láti lọ́ rọ́bà tó bo ọwọ́ rẹ̀, rọ́bà náà ò yí. Ó wá fi wáyà kọ̀ọ̀kan sójú tirẹ̀, láti orí tín-ín-rín dé orí èyí tó nípọn jù, èèpo wọn sì ń yọ bí ẹ̀wù tó tóbi jù fún ọmọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n sọ pé ó tó, ó mọ̀ọ́mọ̀ ki wáyà kan bọ ojú tó kéré sí i. Ẹ̀mú náà ha kọ́pà. Ó fi hàn mí, ó ní ẹ̀mú yìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ki wáyà sójú tí kì í ṣe tirẹ̀, ọ̀bẹ náà ló tún mú dání.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ó mú wáyà tó fi ẹ̀mú dúdú náà bó dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi ọrùn ló ti tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò kán.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dé ibi tí mo dé. Mo gé wáyà mìíràn lára róòlù kan náà, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi ọ̀bẹ yín bó èyí, kẹ́ ẹ tẹ òun náà."

Ó yọ ọ̀bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ó dùn-ún wò: ọ̀bẹ yí wáyà ká lẹ́ẹ̀kan, èèpo sì bọ́ sílẹ̀ odindi. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó dá. Ó wò ó. Ó bó òmíràn, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń fá irun ọmọ tuntun. Òun náà dá níbi ọrùn. Ó fi eyín bó èyí tó tín-ín-rín, ó tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa èèpo náà. Nígbà tó wonú rẹ̀, irun kọ́pà wà níbẹ̀, ó ń dán. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ló ti ń tẹ wáyà tèmi láti mọ̀ bóyá ayédèrú ni. Kò tẹ tirẹ̀ rí níbi tí ọ̀bẹ ti gbà kọjá.

Ó ní, "Mo rò pé eyín mi ń sọ fún mi ni."

Ó gba ẹ̀mú dúdú náà, kò jẹ́ kí n nu eruku rẹ̀, ó fi í sápò tí ọ̀bẹ máa ń wà, ó fi ọ̀bẹ sí èkejì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo tún gbúròó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun wo ọkọ òun. Mo débẹ̀ lọ́sàn-án, mo bá ilé láìsí iná. Gbogbo súìṣì ti jáde kúrò lára ògiri, wáyà yọrí láti inú ihò wọn, ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó sáàárín ilé pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀. Ó ní bàbá Abẹ́rẹ́ ti tú ilé ká, pé òun ní kó máa parí yàrá kan kó tó bọ́ sí òmíràn, kò gbọ́ kò gbà. Mo ní kó má bínú, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó pòṣé, ó ní kí n gbé ẹwà yẹn lọ sílé tèmi.

Yàrá Abẹ́rẹ́ ni mo ti bá Bọ̀dá. Ibùsùn náà ṣì wà níbẹ̀, àpótí aṣọ àti ìkòkò tí wọn ò lò mọ́ ló kún orí rẹ̀. Ọ̀bẹ ọ̀gá rẹ̀ wà nílẹ̀, ìdọ̀tí ògiri ló fi ń họ báyìí. Ó ti tú pákó orí ibùsùn, ó gbé e sórí itan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi náà sún mọ́ ọn. Rọ́bà wáyà tó wọnú súìṣì kékeré yẹn ti yan, ó ń ṣẹ́ bí ìpanu. Nínú gbogbo irun kọ́pà tó yẹ kó wà níbẹ̀, ìwọ̀nba bíi mélòó kan ló ṣẹ́kù tó so wáyà náà ró. Ara pákó tó yí i ká ti pọ́n, àárín rẹ̀ ti di dúdú. Kò sẹ́ni tó máa rí i láti iwájú.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Abẹ́rẹ́ fi wọlé. Aṣọ tó rán fún ìyá rẹ̀ ló mú wá, kò sí iṣẹ́ tó bá wá rárá. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàámi." Bàbá rẹ̀ yí pákó náà sí i.

Ó ní, "Wò ó. Ibi tí orí ẹ máa ń wà nìyí."

Abẹ́rẹ́ wò ó. Ó na ìka kan, ó fọwọ́ kan ibi tó dúdú.

Ó ní, "Mo rántí òórùn ẹ̀. Mo rò pé bí iná ṣe ń rùn nìyẹn."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọ̀gá rẹ̀. Kò pariwo, omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí pákó náà ni, ó sì ń fi ọwọ́ nù ún kúrò lórí pákó bí ẹni pé ìyẹn ló ṣe pàtàkì. Mo ronú gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ìyá ọmọ náà máa ń pa ilẹ̀kùn yàrá yẹn dé, tí gbogbo wa á ní ọmọ ti sùn, ẹ rọra sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá wá ní, "Jẹ́ kí Oníbáàgì bá ẹ ṣe ṣọ́ọ̀bù ẹ. Mi ò tú ilé torí kó o lè fún mi níṣẹ́."

Abẹ́rẹ́ sún àpótí kan sẹ́yìn, ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀mú dúdú náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú un, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, bó ṣe máa ń dán sísọ́ọ̀sì wò kó tó gé aṣọ.

"Ẹ parí ti Màámi ná," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá ti parí ẹ̀, ẹ wá bá mi fa tèmi."

"Tó bá jẹ́ pé àánú mi ló ń ṣe ẹ́..."

"Àánú yín ò ṣe mí, Bàámi. Mo fẹ́ ẹni tó lè tú iṣẹ́ ara ẹ̀ wò."

Wọ́n parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Oníbáàgì ò tilẹ̀ bínú nígbà tí Abẹ́rẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ojú ti ń ti òun tẹ́lẹ̀ láti lọ fa iná sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ Eléyín Irin, pé kí ni òun máa sọ táwọn bá pàdé lọ́nà? Bọ̀dá náà ò fi ẹnu lásán gba ìtìjú. Láàárọ̀ tí kò bá níṣẹ́, á gbé àkàsọ̀, á lọ kan ilẹ̀kùn ilé tó ti fa iná sí rí, á ní òun fẹ́ tún ọrùn wáyà wọn ṣe. Àwọn kan ń kí i káàbọ̀, àwọn kan ń bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ẹnì kan lé e. Ó padà lọ sọ́dọ̀ ẹni náà títí tó fi ṣílẹ̀kùn.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fa iná sí ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́, torí pé èmi ni mo kó wáyà lọ, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí i. Yàrá náà mọ́, ògiri rẹ̀ funfun, ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàárín pẹ̀lú aṣọ lórí. Bọ̀dá pa iná látòkè, ó kúnlẹ̀ sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa jẹ́ ti áyọ́ọ̀nù. Ó wo nọ́ńbà ara wáyà, ó wo nọ́ńbà ẹnu ẹ̀mú, ó tún wo ara wáyà, ó wá bó o. Kàkà kó ki í bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó na orí rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́."

Abẹ́rẹ́ dì í mú níbi ọrùn, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Kò kán. Bàbá rẹ̀ gé ibi tó ti tẹ̀ kúrò, ó tún ìdí rẹ̀ bó, ó wá dè é. Bí wọ́n ṣe ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn. Ó ń bó, ọmọ ń tẹ̀, òun ń gé, ó tún ń bó. Iṣẹ́ tí ì bá ti parí kí oòrùn tó kan orí wọ ọ̀sán lọ. Mo ní tó bá ń bá a lọ báyìí, á jẹ wáyà mi tán, wọ́n á sì tún padà wá rà. Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo wá àpótí kan, mo jókòó.

Súìṣì ẹnu ọ̀nà ló kẹ́yìn. Ó bó wáyà rẹ̀, ó sì nà án sí Abẹ́rẹ́ bó ti ń ṣe é bọ̀. Abẹ́rẹ́ ò gbà á.

Ó ní, "Ẹ máa dè é lọ, Bàámi. Ó ti tó. Mo gbà yín gbọ́."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ó fi eyín tó ti jẹ yẹn mú ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ti ń retí láti ọjọ́ tó ti jókòó sórí róòlù wáyà mi nìyẹn, ọmọ rẹ̀ sì ti fún un láìsí pé ó tọrọ. Ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ padà. Wáyà náà ṣì wà níwájú ọmọ rẹ̀ níbi tó nà án sí.

Ó ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Tẹ̀ ẹ́."

Abẹ́rẹ́ gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kò kán, ó sì dá a padà fún un.